Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má da ìyìn yín nù

Bí wọ́n bá yìn yín, ẹ dáhùn pé "Ẹ ṣeun," kí ẹ sì dákẹ́. "Kò tó nǹkan" tí a máa ń fi kún un yẹn, àwa fúnra wa la fi ń bu iṣẹ́ wa kù.

Lálẹ́, kí ẹ lè máa yin ara yín náà, ẹ kọ ohun 3 tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà sínú ìwé kékeré kan. "Mo gbìyànjú" kò tó o, ẹ kọ ọ́ ní pàtó: "Mo sọ fún ọ̀gá pé n kò ní lè wá ní Sátidé." Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni kí a máa kọ ohun tí èèyàn sọ nípa wa. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá sọ nǹkan kan, ìwé á ṣófo. Oorun ọ̀sán tí ẹ dìídì sùn náà wà lára ohun tí ẹ lè kọ.