Bí a ṣe lè mọ ohun tó ń fa iná bátìrì ọkọ̀ gbẹ níbi tí ọkọ̀ dúró sí

Bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀, tí a wá gbé e sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí a yí kọ́kọ́rọ́ tí kò sì dún ju kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́ lọ, ọjà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ láti ra bátìrì tuntun. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò pé oṣù méjì tí bátìrì tuntun náà fi kú bíi ti àkọ́kọ́, nítorí pé mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ náà tó ń mu iná ní gbogbo òru, kò sì sí bátìrì tí owó lè rà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní mu gbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì fúnra rẹ̀ wò, kí ẹ má baà wá ohun tí kò sọnù kiri. Ẹ fi ṣájà sí i títí yóò fi kún, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọ̀n ọ́n. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi fóòlùtì 12.6, bó bá jẹ́ 12.2, ó ti ku bí ìdajì. Bó bá sì ti wálẹ̀ ju 12 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ẹ bá tú u kúrò nínú ọkọ̀ pátápátá tó sì tún wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, bátìrì ló ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣíná ọkọ̀, kí ẹ sì wọn bátìrì lórí ìdúró. Iye tó yẹ kí ẹ rí ni 13.8 sí 14.7, bí kò bá dé ibẹ̀, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ni kò gbé ṣáàjì wọlé. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lórí bátìrì, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é le.

Bí gbogbo èyí bá dára, ó kù kí a wọn iná tó ń jò. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ má sì ṣe mú sìgá tàbí iná dé ìtòsí, nítorí pé bátìrì máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ má baà há sínú ọkọ̀, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà jìnnà. Ẹ ki wáyà pupa mítà bọ ihò tí wọ́n kọ 10A sí, ẹ fi sípánà nọ́ńbà 10 tú orí nẹ́gétíìfù (èyí tó ní àmì −), kí ẹ fi ẹnu wáyà mítà kan kan orí bátìrì, kí èkejì kan wáyà tí ẹ tú náà. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ rárá, nítorí pé iná tó pọ̀ yóò jó fíúsì inú mítà.

Sùúrù ṣe pàtàkì níbí. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í sùn lójú ẹsẹ̀. Ó lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn ó tó wákàtí kan. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sùn, kò yẹ kí mítà ju áńpíà (òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn) 0.02 sí 0.05 lọ, èyí tí aago, rédíò àti ìdágìrì ọkọ̀ ń lò. Ti èmi dúró sórí 0.45. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: fún wákàtí 24, ó jẹ́ áńpíà-wákàtí (Ah) 10.8, àti pé láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti mu nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tó wà nínú bátìrì tí a kọ 60Ah sí lára.

Kí ẹ tó yọ fíúsì kankan, ẹ ya àwòrán àpótí fíúsì, èyí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti èyí tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí kálukú lè padà sí àyè rẹ̀. Ẹ wá máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan máa wo mítà. Nígbà tí mo yọ èyí tí wọ́n kọ DOME sí, 0.45 já wá sí 0.03. Iná inú ọkọ̀ wà lára ohun tí fíúsì yìí ń bọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń tàn lójú mi. Mo tan kámẹ́rà fóònù mi sí fídíò, mo gbé e sínú búùtù, mo pa búùtù dé. Nígbà tí mo wo fídíò náà, gílóòbù kékeré inú búùtù kò kú rárá. Ìpata ti mú pín-ín-nì súìṣì tó yẹ kó pa á, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo fi òróró sí i, ó ń ṣiṣẹ́.

Bí gbogbo fíúsì bá jáde tí mítà kò sì wálẹ̀, ohun tí wọ́n so tààrà mọ́ bátìrì ni kí ẹ fura sí: ẹ̀rọ ohùn rédíò tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ fi sí i, tàbí ẹ̀rọ atọpinpin ọkọ̀, èyí tí mo gbà yín níyànjú láti wá lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Ọ́tánétọ̀ náà lè jẹ́ ọ̀ràn. Ẹ fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró mọ́jú. Bó bá ṣì ń gbóná díẹ̀, ọ̀ràn wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rílè (súìṣì kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń pa) tó bá gbóná nígbà tí ohun gbogbo kú.

Bí ẹ kò bá tíì ráàyè tún un ṣe, ẹ lè máa tú orí nẹ́gétíìfù ní alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé nọ́ńbà àṣírí tí rédíò yín lè béèrè bí iná bá padà wà lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi fíúsì tó tóbi ju ti ọkọ̀ lọ rọ́pò èyí tí ẹ yọ, nítorí wáyà ni yóò jó. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ fi ṣájà kún bátìrì náà, nítorí pé ìrìn kúkúrú kì í kún un, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òru méjì.