Gílóòbù Tó Mọ́lẹ̀ Sí I fún Iná Iwájú Alùpùpù
Kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí gílóòbù tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ HS1 (irú gílóòbù kan) oní 35/35W, ìyẹn wọ́ọ̀tì iná gíga àti ti iná rírẹlẹ̀, má fi H4, irú mìíràn tó jẹ́ 60/55W, rọ́pò rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọra: ooru H4 lè yọ́ ike iná, wáyà á sì gbóná jù. HS1 tó dáa, tó ní àmì E (àmì ìfọwọ́sí) lára, ni kí o rà. LED nínú iná tí wọ́n ṣe fún halogen (gílóòbù oní wáyà tín-ínrín bíi HS1) sábà máa ń tàn yòò sí ẹni tó ń bọ̀ lójú, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì gbà á.

Jẹ́ kí iná tutù kí o tó tú u. Má fọwọ́ lásán kan gíláàsì gílóòbù tuntun. Ọ̀rá ọwọ́ ń mú kó tètè jó. Lẹ́yìn náà, kọjú iná sí ògiri láti mítà 10, kí ẹnì kan jókòó sórí alùpùpù: òkè ìmọ́lẹ̀ iná rírẹlẹ̀ lára ògiri gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n gíga iná náà.