Bí Orin Kan Bá Wọ̀ Yín Lára, Ẹ Bi Í Pé Ọmọ Ta Ni

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: wọ́n á gbọ́ orin Joy Division kan tàbí ti The Smiths, bándì méjì láti Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á wọ̀ wọ́n lára gan-an, wọ́n á ní kí ápù orin máa bá àwọn wá èyí tó jọ ọ́, ápù á wá máa gbé orin márùn-ún mẹ́fà kan náà yí po títí tó fi máa sú wọn, wọ́n á ní orin yẹn ò ju báyìí náà lọ. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ o! Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá orin post-punk àtàwọn orin gìtá tí wọ́n ń pè ní jangle, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kí n má rí bándì kan tí mi ò gbọ́ rí. Ápù máa ń wo ohun tó dún jọra, èmi ìdílé ni mo máa ń wò. Gbogbo orin ló ní ilé tó ti wá: ẹni tó gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò, ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde, ìlú tí wọ́n ti ṣe é, bándì tí wọ́n jọ ń ṣeré pọ̀. Bí orin kan bá ti wọ̀ yín lára, ẹ bi í pé ọmọ ta ni, kẹ́ ẹ wá tọ̀ ọ́ lọ sílé.

Kí n tètè ṣàlàyé fẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Punk bẹ́ sílẹ̀ ní 1976 sí 1977, ariwo ni, eré sísá ni, kò sì pẹ́ rárá tó fi sú lára àwọn tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n mú ìgboyà inú ẹ̀ dání, pé kò dìgbà téèyàn bá mọ gìtá ta dójú àmì kó tó dá bándì sílẹ̀, wọ́n wá gbé báàsì bọ́ síwájú, wọ́n jẹ́ kí gìtá máa gé bí abẹ dípò kó máa hó, wọ́n bu fúnk sí i, wọ́n bu dub, irú règé kan tó wá láti Jamaica, sí i, Talking Heads tiẹ̀ gbọ́ Fela yó kí wọ́n tó ṣe Remain in Light ní 1980. Post-punk nìyẹn. Ní ti jangle, gìtá lọba ibẹ̀, okùn tí wọ́n ń ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó mọ́ gaara, tó ń dún bí ìgbà tí ṣaworo etí ìlù bá ń mì. Ọ̀dọ̀ The Byrds ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ ọ, 1965, gìtá Rickenbacker olókùn méjìlá tí Roger McGuinn ń ta. Ẹbí kan náà làwọn méjèèjì, àìmọye èèyàn ló wà tó fi ẹsẹ̀ kan síbí fi ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ mú orin kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ ki íápíìsì bọ etí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún báàsì, ẹ̀ẹ̀kan fún gìtá, ẹ̀ẹ̀kan fún ìlù. Ẹ jẹ́ ká ní Joy Division ni. Ẹ máa rí i pé ohùn tó kù sí yín lẹ́nu lẹ́yìn tí orin parí, báàsì ló ni ín. Peter Hook ti sọ ìdí ẹ̀: ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn báàsì ẹ̀ jáde nígbà yẹn ò dáa, tó bá ń ta okùn tí ohùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀ kì í gbọ́ ara ẹ̀, ló bá gun òkè ọrùn báàsì lọ, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá. Tó bá jẹ́ báàsì yẹn ló mú yín, ẹ lọ gbọ́ The Cure ìgbà Seventeen Seconds, 1980, ẹ gbọ́ The Sound. Tó bá jẹ́ gìtá tó ń gé ni, Leeds lẹ máa lọ, Gang of Four pẹ̀lú Entertainment! wọn ti 1979, lẹ́yìn náà Delta 5. Tó bá sì jẹ́ àlàfo ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín ohùn kan sí òmíì, ẹ wá Young Marble Giants láti Cardiff. Àwo kan ṣoṣo, Colossal Youth, 1980, ẹ̀rọ ló ń lu ìlù ibẹ̀, ọmọbìnrin tó ń kọrin ò pariwo rárá, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá ni, àní mo ti gbọ́ àwo yẹn débi tí mi ò lè kà á mọ́, ó ṣì ń ṣe mí bí àkọ́kọ́.

Ẹ wá yí páálí àwo yẹn padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Lórí fóònù ńkọ́? Ẹ lọ sí ìkànnì Discogs, ẹ tẹ orúkọ àwo yẹn sí i, gbogbo orúkọ tó wà lẹ́yìn páálí lẹ máa rí níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ kan, gbogbo iṣẹ́ tí ẹni yẹn ti ṣe láyé ẹ̀ á jáde. Èmi ò mọ irinṣẹ́ tó dáa jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá ẹni tó ṣe é ní sítúdíò. Martin Hannett ló ṣe Unknown Pleasures fún Joy Division ní 1979, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀, ẹ máa rí Magazine, ẹ máa rí The Durutti Column, ẹ máa wá rí ESG, àwọn ọmọ ìyá kan náà láti South Bronx ní New York tí orin wọn jẹ́ kìkì báàsì, ìlù àti ohùn ẹnu. Ta ni ì bá rò pé Manchester máa mú èèyàn dé Bronx? Ápù ò lè mú yín débẹ̀ nítorí pé wọn ò dún jọra. Ọwọ́ kan náà ló kàn kan àwọn méjèèjì.

Ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáde tún ń ranni lọ́wọ́, pàápàá àwọn kékeré, nítorí èèyàn kan tàbí méjì ló ń yan gbogbo ohun tó ń jáde níbẹ̀, etí wọn lẹ ń yá lò. Rough Trade bẹ̀rẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1976 kó tó di pé wọ́n ń gbé àwo jáde fúnra wọn. Factory wà ní Manchester. Postcard ní Glasgow ò pẹ́ láyé, bẹ́ẹ̀ àwọn ló gbé Orange Juice, Josef K àti Aztec Camera jáde, tí wọ́n sì tún gba The Go-Betweens tó wá láti Ọsirélíà mọ́ra fún àwo kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Sarah Records ní Bristol, Clare Wadd àti Matt Haynes ló dá a sílẹ̀ ní 1987, wọ́n ń fún gbogbo nǹkan tí wọ́n bá gbé jáde ní nọ́ńbà, nígbà tí nọ́ńbà pé 100 ní 1995 wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan, The Sea Urchins nìyẹn, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa pàdé The Orchids, The Field Mice, Heavenly. Orin rírọ̀ ni, àwọn kan máa ń fojú di í pé kò lágbára, mi ò bá wọn gbà, ó gba ọkàn líle kéèyàn tó lè kọrin pẹ̀lẹ́ báyẹn láàárín ariwo.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ìlú kan ṣoṣo lẹ fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Dunedin, ní gúúsù New Zealand. Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe rìn ín hàn yín. Orin The Clean kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́, "Tally Ho!", 1981, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí Flying Nun, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní New Zealand, gbé jáde, ó rí wúruwùru, inú ẹ̀ sì dùn, dùùrù kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń ké bí ọmọ tó rí ìyá ẹ̀. Mo bi ara mi pé ta ló ń tẹ dùùrù yẹn. Martin Phillipps ni. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Òun ló ni The Chills. Ni mo bá lọ gbọ́ The Chills, mo bá "Pink Frost" pàdé. Gìtá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé oòrùn ń ràn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, lójijì gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, ó ṣókùnkùn, ohùn kan ń lọ yí po bíi kùrukùru, tí mo fi ń rò pé orin míì ti bẹ̀rẹ̀. Mo dá a padà, mo tún un gbọ́. Mo wá kà nípa ẹ̀ pé 1984 ló jáde, pé Martyn Bull tó lu ìlù inú ẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ ẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún Phillipps. Phillipps fi kọrin, "I Love My Leather Jacket", 1986, gìtá ibẹ̀ le koko, ó ń sá lọ ṣíwájú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ orin yẹn láì mọ̀ nǹkan kan, orin nípa aṣọ ni. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà ìdílé débẹ̀, omi á bọ́ lójú yín.

Ibẹ̀ ò tíì tán o. Robert Scott tó ń ta báàsì fún The Clean ló tún dá The Bats sílẹ̀. Nínú The Bats, Paul Kean ló wà nídìí báàsì. Paul Kean yìí ti wà nínú Toy Love tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Chris Knox. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ olójú mẹ́rin tí Chris Knox ní, òun ni wọ́n fi gba Boodle Boodle Boodle ti The Clean sílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi gba àwo Dunedin Double sílẹ̀ ní 1982, èyí tó kó The Chills, The Verlaines, Sneaky Feelings àti The Stones pọ̀. Ẹ ti rí i? A yí ká, a padà sílé ibi tá a ti gbéra.

Àwọn ọ̀nà míì wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. John Peel wà lórí rédíò BBC láti 1967 títí tó fi kú ní 2004, ó máa ń pe àwọn bándì wá sí sítúdíò, wọ́n á gba orin mẹ́rin sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ràn bándì kan láti ìgbà yẹn, ẹ fi "Peel session" kún orúkọ wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá a, ìgbà míì èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ìkánjú yẹn máa ń dáa ju ti inú àwo lọ. Kásẹ́ẹ̀tì C86 tún wà, NME, ìwé ìròyìn orin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é ní 1986, bándì 22, gbogbo ayé ló ń pè é ní bíbélì jangle, ẹ má retí pé gbogbo ẹ̀ ló ń dún bíi ṣaworo, àwọn kan nínú wọn ń dún bí ìgbà téèyàn da ìkòkò nù. Orin Primal Scream tó ṣí i ò pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Fún bándì tó ní àwo tó pọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. The Fall ṣe àwo fún nǹkan bí ogójì ọdún, èèyàn á rì síbẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan láti àárín, This Nation's Saving Grace ti 1985, ẹ gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó bá ní àwo tí wọ́n kó síngù wọn jọ sí, ibẹ̀ lẹ ti máa wọlé.

Ní ti àwọn tuntun, ọgbọ́n kan náà ni. Dogrel, tí Fontaines D.C. láti Dublin ṣe ní 2019, Dan Carey ló wà ní sítúdíò fún un, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ bá a ṣe tẹ ti Hannett, ẹ máa rí black midi, ẹ máa rí Squid, ẹ máa rí Wet Leg. Dry Cleaning ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọbìnrin ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni, kì í sábà kọrin, gìtá ló ń bá a kọ ọ́. Molchat Doma láti Minsk ń kọ ọ́ ní èdè Rọ́ṣíà, Etazhi wọn jáde ní 2018, mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kò dí mi lọ́wọ́ rárá. Ẹ̀yin onígìtá ṣaworo, Rolling Blackouts Coastal Fever ní Melbourne, gìtá mẹ́ta ló ń fèsì ara wọn nínú orin wọn. Alvvays ní Toronto. The Reds, Pinks & Purples ní San Francisco, àti The Umbrellas níbẹ̀ náà, Slumberland tó ti wà láti 1989 ló ń gbé ọ̀pọ̀ irú wọn jáde.

Bandcamp, ìkànnì tí àwọn bándì ti ń ta orin wọn fúnra wọn, ni mo ti ń rí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ ṣí ojú ìwé àwo tẹ́ ẹ fẹ́ràn níbẹ̀, ẹ máa rí fọ́tò kéékèèké àwọn tó rà á. Ẹ tẹ fọ́tò kan. Gbogbo ohun tí ẹni yẹn ti fowó ẹ̀ rà ló máa jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ní àwo mẹ́ta mẹ́rin tí kò wọ́pọ̀, etí yín bára mu nìyẹn, ẹ gbọ́ ìyókù tó ní. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó fowó ra nǹkan ju ẹ̀rọ tó ń dábàá orin lọ. Tẹ́yin náà bá rí èyí tó dáa, tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ rà á, ọ̀pọ̀ àwọn bándì yìí ń ṣiṣẹ́ míì jẹun, lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní Bandcamp Friday, Bandcamp kì í yọ owó tiẹ̀ nínú ẹ̀.

Kẹ́ ẹ ní ìwé kékeré kan o. Inú fóònù ni mo ń kọ orúkọ sí tẹ́lẹ̀, fóònù yẹn kú lójijì, orúkọ bándì tí mo ti kó jọ fún odindi ọdún bá a lọ, ó dùn mí gan-an. Nísinsìnyí bírò àti ìwé ni, orúkọ bándì, ẹni tó mú mi débẹ̀, ẹni tó kàn. Orúkọ tí mo fa ìlà sí lọ́sẹ̀ yìí ni Tall Dwarfs, Chris Knox àti Alec Bathgate ni, àwọn méjèèjì jọ wà nínú Toy Love. Mo ti gbọ́ méjì, ó kù rẹpẹtẹ.