Omi ni mo bá nínú epo mi

Ọjọ́ ọjà Pobè ni, àpò gaàrí mẹ́rin sì ti wà nínú bútù. Mo yí kọ́kọ́rọ́ Peugeot 406 mi láàárọ̀ kùtù: ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Mo tún yí i títí apá fi ń ro mí. Bẹ́ẹ̀ mo wà á gba ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, wọlé lálẹ́ àná ni, kò ṣe mí nǹkan kan.

Mẹ́káníìkì àdúgbò wa ń kọjá lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù epo yín ti kú. Ẹ wá 45 000 fránkì." Kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ o! Mo ní kó máa lọ ná, màá ránṣẹ́ sí i.

Ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, nítorí náà ọwọ́ bátìrì mọ́. Mo ní kí ọmọ mi jókòó síwájú, kó yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, kó má yí i kọjá ibẹ̀. Èmi gbé etí lé ìjókòó ẹ̀yìn. Hùùùn, bí ìṣẹ́jú àáyá 2, ó dákẹ́. Ohùn pọ́ǹpù nìyẹn, bó sì ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Ká ní n kò gbọ́ ọ ni, fúùsì àti wáyà ni ǹ bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù lè máa kùn kó má gbé epo. Mo tú pílọ́ọ̀gì kan: ó tutù rinrin. Ká ní ó gbẹ ni, epo kò dé ibẹ̀. Mo wá fi àtàǹpàkò nù ún. Epo ọkọ̀ máa ń tu èèyàn lára wìì, á sì gbẹ kó o tó ṣẹ́jú. Èyí kò gbẹ. Mo gbóòórùn rẹ̀, òórùn epo kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ara fu mí.

Mo yọ fúùsì pọ́ǹpù, mo yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì kí agbára epo inú rọ́bà lè rọlẹ̀. Mo bẹ ìyàwó mi kó paná àdògán. Inú bí i, àkàrà rẹ̀ kò tíì jinná. Mo fi aṣọ di ẹnu rọ́bà bí mo ṣe ń tú u níwájú, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò ọtí sódábì kan, mo dá fúùsì padà. Ọmọ yí kọ́kọ́rọ́, epo ya wọlé. Pọ́ǹpù tó ti kú!

Mo gbé ìgò lé orí ògiri. Kí n tó fọwọ́ tán, ó ti pín sí méjì: òkè pọ́n bí oyin, ìsàlẹ̀ mọ́ gaara, ó tó ìka mẹ́ta. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń sùn sí, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fà. Mo rántí: kpayo, epo fàyàwọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, lítà 10, tí mo rà nítòsí ilé lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ìyá tó tà á fún mi kò ní ìdérí.

Mo tú wáyà bátìrì, mo ṣí ìjókòó ẹ̀yìn, mo fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa gbogbo epo inú táǹkì jáde. Mo pààrọ̀ asẹ́ epo, mo fẹ́ pílọ́ọ̀gì gbẹ, mo ra lítà 5 ní ilé epo. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbiná.

Nígbà tí mo ń darí bọ̀ láti Pobè, mo gbé ìgò náà dé ọ̀dọ̀ ìyá elépo. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó títí. "Òjò ni, ọmọ mi." Ó wá wá ìdérí fún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.