Bí a ṣe lè tọpa ìdàgbàsókè ọmọ láti CI (kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì (ilé ìwé girama)

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀pọ̀ àwa tí a ti di òbí ni wọ́n fi ọwọ́ àti etí wọ̀n kí a tó wọ ilé ìwé: wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi fa etí òsì. Bí ọwọ́ bá tó etí, ọmọ ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Bí kò bá tó o, ó di àmọ́dún. Ọgbọ́n àwọn àgbà wà nínú rẹ̀, nítorí pé orí ọmọ kékeré tóbi, apá rẹ̀ sì kúrú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń sún mọ́ ọdún 6, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti nà. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọmọ tí ìran wọn kì í ga lè pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan etí, kí wọ́n sì rò pé òye rẹ̀ ni kò tíì tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ má fi ọmọ yín wé ti ará ilé kejì; ọmọ yín ti ọdún yìí ni kí ẹ fi wé ọmọ yín ti èṣí.

Ẹ yan ibì kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ẹ jẹ́ kí ọmọ bọ́ bàtà, kí ó fi gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn ti ògiri, kí ó máa wo ọ̀kánkán. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ lé e lórí, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sí i. Láti ọdún 6 títí di ìgbà tí ìbàlágà bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ sábà máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga sí i lọ́dún, á sì fi kílò 2 sí 3 wúwo sí i. Ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì rẹ̀ kò ní ìṣòro bí ìlà rẹ̀ bá ń gòkè déédéé. Èyí tó yẹ kó kọ wá lóminú ni ìlà tí kò sún tó sẹ̀ǹtímítà 4 ní odindi ọdún kan. Ṣòkòtò kákí náà ń jẹ́rìí: ẹ sọ fún télọ̀ pé kí ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ po dáadáa, nígbà tí ẹ bá sì tú u, ẹ ó rí i pé aṣọ tó fara pamọ́ nínú ìṣẹ́po náà ṣì pọ́n ju èyí tí oòrùn ti pa láwọ̀ lọ. Bí ẹ bá tú u dé ibi tó bá ọmọ mu, fífẹ̀ ibi tó pọ́n yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gùn sí i.

Ní nǹkan bí ọdún 6 ni eyín ọmọdé ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká, tí ọmọ á kó o pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, tí á jù ú sórí òrùlé kí alángbá má baà rí i. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, eyín ńlá kan ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín tó ti wà tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé eyín kankan ká fún un. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń rò pé eyín ọmọdé ni, wọ́n á sì jẹ́ kí ó jẹrà. Eyín àgbà ni. Bí ó bá lọ, kò sí òmíràn tí yóò hù.

Ní CI, ọmọ tó ti ń sọ Yorùbá gaara bọ́ sínú èdè Faransé lójijì. Mo ti kọ́ ọmọ tí kò la ẹnu láti oṣù kẹsàn-án títí dé ọdún tuntun, tó sì jẹ́ pé ó ń gbọ́, ó ń kó o pamọ́ ni. Ẹ má tìtorí èyí pa Yorùbá tì nílé. Ọmọ tó lè pa àlọ́ ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì í tò ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ara, ohun tí ìwé kíkà sì ń fẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ń gbé ìwé sún mọ́ ojú, tàbí tó ń dijú díẹ̀ kó tó rí ojú pátákó, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò kí ẹ tó pè é ní olódo. Oorun náà ṣe pàtàkì: wákàtí 9 sí 12 ni ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò, nítorí náà, ẹni tí ẹ ó jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kí ó lọ pọn omi gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Ẹsẹ̀ méjèèjì lè máa ro ọmọ lálẹ́, kí ó sì fò sókè láàárọ̀ bíi pé nǹkan kan kò ṣe é. Ẹ bá a fi ọwọ́ ra á. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó wú, tàbí tó mú un tiro, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ìrora egungun bá sì ń padà wá léraléra, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí àìsàn fòníkúfọ̀ladìde.

Ìbàlágà ni ọ̀pọ̀ òbí ń sá fún. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 13, ọmú ló sì sábà ń kọ́kọ́ yọ. Ti ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 9 sí 14, láti orí kórópọ̀n tó ń tóbi, kí irun àti ohùn tó tẹ̀ lé e. Èyí ló fà á tí àwọn ọmọbìnrin CM2 (kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) fi máa ń ga ju àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ. Nǹkan oṣù sábà ń dé ní bí ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmú bá yọ, nítorí náà, kí ìyá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti CM1, kíláàsì tó ṣáájú CM2, kí aṣọ mímọ́ tí a ṣẹ́ po sì ti wà nínú àpò ìwé. Mo rántí ọmọbìnrin kan tí agogo lù, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tí òun jókòó pa lórí bẹ́ǹṣì, tó sì gbé ìwé lé itan. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ó rò pé òun fara pa.

Ẹ má pe ọmọ náà jókòó síwájú yín bí ẹni tó fẹ́ jẹ́jọ́. Nígbà tí ẹ bá jọ ń bó ẹ̀gúsí, tí ojú gbogbo yín wà nínú igbá, ìbéèrè tí kò lè jáde lọ́jọ́ mìíràn á jáde. Ẹ sọ fún ọmọkùnrin náà pẹ̀lú, nípa ohùn tó ń ki, irorẹ́, àti òórùn ara tó ń fẹ́ ọṣẹ lójoojúmọ́.

Bí ọmú ọmọbìnrin bá yọ kí ó tó pé ọdún 8, tàbí tí kò tíì yọ ní ọdún 13, tàbí tí nǹkan oṣù kò tíì dé ní ọdún 15; bí ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọdún 9, tàbí tí kò tíì sí àmì kankan ní ọdún 14, ẹ mú un lọ bá dókítà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ da gbogbo ìlà tó wà lára ògiri àti ọjọ́ wọn kọ sínú ìwé pélébé, nítorí òun ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.