Àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí gbèsè àwọn onífúláàtì wọlé

Ẹ̀yin tí wọ́n yàn sí ìgbìmọ̀ ilé, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni kí ẹ dákẹ́. Onífúláàtì kan ò san owó oṣooṣù tí ẹ jọ ń dá fún ìtọ́jú ilé, oṣù kan kọjá, ẹ ní wọ́n máa san án, oṣù kejì dé, ojú ń tì yín torí àtẹ̀gùn kan náà lẹ jọ ń gùn láràárọ̀, kí ẹ tó mọ̀ ó ti di oṣù kẹjọ, owó yẹn sì ti kọjá ohun téèyàn lè kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Òfin pàápàá ò dúró de ẹnì kan: ní Ontario ní Kánádà, oṣù 3 péré ni ẹgbẹ́ àwọn onífúláàtì ní, láti ìgbà tí owó ti yẹ kó wọlé tí ò wọlé, láti so gbèsè yẹn mọ́ fúláàtì onígbèsè lábẹ́ òfin. Ẹ wádìí iye ọjọ́ ti ọ̀dọ̀ yín báyìí. Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó tutù, kó sọ iye owó, oṣù wo ni, àti bí wọ́n ṣe máa san án.

Àmọ́ ẹ yẹ ìwé yín wò ná o! Nígbà tí mo ṣe akápò ilé wa, a ní ìyá kan jẹ oṣù 4, a sì ju orúkọ wọn sórí WhatsApp gbogbo ilé. Nígbà tí wọ́n dé ìpàdé wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n kàn ṣí báàgì, wọ́n to rìsíìtì bánkì 4 sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Owó ti wọlé tipẹ́, fúláàtì 12 la kọ ọ́ sí dípò 21. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Torí náà ẹ má gbé orúkọ ẹnikẹ́ni síta, ì báà jẹ gbèsè lóòótọ́, ẹ má sì já omi tàbí iná wọn, níbi púpọ̀ òfin ò gbà á, onígbèsè á wá di ẹni tó ń pe ẹ̀yin lẹ́jọ́.

Ẹni tó bá ní òrùlé ń jò lòun ò ṣe san, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún òrùlé ṣe, kẹ́ ẹ sì béèrè owó yín, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Tó bá jẹ́ alága ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló jẹ gbèsè, ẹ má fojú fo tiẹ̀ náà.

Tí wọ́n bá bẹ̀bẹ̀ pé díẹ̀díẹ̀ làwọn á máa san, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn ẹnu lásán ni àṣìṣe tí mo rí jù. Ẹ kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí déètì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa san ti oṣù tó ń lọ mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbèsè ò ní dín kù rárá.

Ẹ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta fúláàtì? Ẹ fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ kí wọ́n tó tà á, ó lè ṣòro láti rí owó yẹn gbà lẹ́yìn náà. Tó bá sì di ti lọ́yà, ẹ kó gbogbo lẹ́tà, àdéhùn àti ìwé ìṣirò fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí gbogbo wákàtí tí wọ́n bá fi wá ìwé kiri, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀.