Bí A Ṣe Ń Ṣètò Oògùn àti Owó Lẹ́yìn Ìkọlù Ọkàn tàbí Rọpárọsẹ̀ Àkọ́kọ́

Nígbà tí aláìsàn bá kúrò nílé ìwòsàn lẹ́yìn ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́, ará ilé a máa rò pé ewu ti kọjá, pé ìnáwó ńlá náà sì ti tán. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ yìí gan-an ni àìsàn náà máa ń fẹ́ padà jù lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà tàbí sìgá tó fà á lè ṣì wà níbẹ̀. Owó oògùn ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù, nítorí pé dídá ẹni dúró sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kejì máa ń náni lówó jù ú lọ fíìfíì.

Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn oògùn sí, kí ẹ sì béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ dókítà: kí ni iṣẹ́ rẹ̀, títí di ìgbà wo ni a ó sì máa lò ó? Ẹni tí wọ́n fi stent (páìpù kékeré tí kì í jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dí) sí iṣan ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù ọkàn sábà máa ń lo oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún nǹkan bí oṣù 12, kí ó tó wá ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ kékeré tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, ó lè má ju ọjọ́ 21 lọ tí wọn yóò fi lo méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí lè dá oògùn dúró láìtó àsìkò, tàbí kí ó máa náwó sórí èyí tó yẹ kó ti fi sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ, ẹ má ṣe dá aspirin, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lò láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ lò ó.

Ẹ bi apoògùn bóyá oògùn kan náà wà tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá lára. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dínkù. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ fún dókítà kí ó pààrọ̀ rẹ̀, dípò kí ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì fo ọjọ́ kejì. Ẹ má gbàgbé ìnáwó tí kì í hàn: ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn, ìdárayá tí a fi ń jí apá àti ẹsẹ̀, àti owó iṣẹ́ ẹni tó dúró ti aláìsàn. Bí ẹ bá ní adójútòfò, ẹ béèrè iye ìgbà tí yóò sanwó ìdárayá yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé tó ohun tí à ń rà. Kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a sábà ń lé ni kí ó má tó 130/80.

Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ lọ́, tàbí tí àyà ń fún pinpin, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì inú ọpọlọ kì í sábà ṣeé fún ni mọ́ lẹ́yìn wákàtí 4 àti ààbọ̀.